Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gbé Agogo Lọ

Ọjọ́ Àìkú, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Rilwan gbé ọ̀rọ̀ tuntun dé lónìí. Ó ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Birchcliff, kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀. Mo ní kò burú, ọmọ Ìwó ni ọ́, bọ́ọ̀lù kì í ṣe àjèjì sí ọ. Ó ní kì í ṣe irú tiwa o, èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá ni, tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà sá lọ. Mo ní kí ló wá sọ ọ́ di bọ́ọ̀lù gbígbá nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e? Fatimoh tó yẹ kó máa fọ abọ́ ló dá mi lóhùn láti kíṣìnì: "Mummy, it's football. Just let him." Ta ló pè é sí i? Ọmọ tí mo bí fúnra mi, Yorùbá ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú oyún, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Rilwan pẹ́ jáde ní Jímọ̀, bọ́ọ̀sì ti gbéra, ló bá gbá tẹ̀ lé e ní Kingston Road pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà lẹ́yìn. Ó bá a ní bus stop kejì. Ọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò bọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì ń wo gbogbo rẹ̀. Kóòṣì Birchcliff ni, Dufresne lorúkọ rẹ̀. Ó dúró, ó bi í lórúkọ. Láti 1996 tí mo ti wà ní Kánádà yìí, bọ́ọ̀sì tí mo ti lé kò lóǹkà, kò sẹ́ni tó bi mí lórúkọ rí.

Mi ò tíì gbà. Àbúrò mi Ràbíátù kò fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n lè dá a lọ́rùn. Ṣùgbọ́n láti January tí ọmọ yìí ti dé, inú basement ló wà bí ẹrù tí wọ́n kó pamọ́. Á lọ kíláàsì, á dé, á bo orí. Lónìí ó jẹ àwo méjì, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti gbà. Ó fò sókè, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná basement.

Mo ń wẹ̀ fún Bàbá Pettigrew níbi iṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, láàárọ̀, mo kàn fi dá àpárá pé ọmọ àbúrò mi ti wọ ẹgbẹ́ Birchcliff. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún tí kì í sọ ju "thank you, dear" lọ! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga ìwẹ̀. Àṣé fọ́tò tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí mo ti ń nu eruku rẹ̀ láti ọdún tí mo ti wà níbẹ̀, òun ló wà láàárín àwọn géńdé yẹn, tó gbá agogo mọ́ra bí ìkókó.

Agogo ọkọ̀ ojú omi kan ni. Ọkọ̀ náà rì sínú adágún láyé àtijọ́, àwọn ọmọ Birchcliff àti àwọn ọmọ Stanmoor ti apá Markham jọ lọ yọ agogo rẹ̀ jáde, tọ̀túntòsì wọn sì ní àwọn làwọn kọ́kọ́ rí i. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi parí ẹjọ́. Láti ìgbà náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú Ọkitóbà, ẹni tó bá borí ló ń gbé agogo sọ́dọ̀ fún ọdún kan. Bàbá ní ní ayé tàwọn, Stanmoor fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ọ̀nà yàrá tí Birchcliff ti ń wọ aṣọ. Àwọn náà dúró di ìgbà òtútù, wọ́n jí àga ọ̀gá àgbà Stanmoor, wọ́n gbé e sí àárín adágún tó ti di yìnyín, wọ́n sì kọ̀wé sí i pé kó wá jókòó. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín ń pa á, ọṣẹ ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ṣìmí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń ti Courtice wá, bá wa lẹ́nu rẹ̀. Stanmoor ni ọmọbìnrin rẹ̀ wà. Ó ní, "Auntie Mọ̀nsúrá, ẹ má jẹ́ kí bàbá yìí tàn yín jẹ o. Ọdún mẹ́sàn-án lagogo ti wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti di ẹrù ilé." Mo ní kó lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò láti àárọ̀. Iṣu kan ṣoṣo ní ilé ìtajà àwọn ará Ghana, dọ́là méjìdínlógún. Mo gbé e, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e.

Bàbá Pettigrew fi bisikíìtì kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù náà lórí tíréè. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n fún wọn láti fi sún mọ́ iwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìlà tó parí pápá, àyè kan wà níbẹ̀ bí ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá, àmì mẹ́ta. Bó bá fẹ̀gbẹ́ lọ tó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn onílé gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Bí onílé bá mú un dání tó kúnlẹ̀ síbẹ̀, tàbí tó dùbúlẹ̀, àmì kan fún ẹni tó gbá a.

Mo ní ẹni tó ṣì í gbá ni wọ́n tún ń fún lẹ́bùn? Ó ní Kánádà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, pé ní ti Amẹ́ríkà o lè kúnlẹ̀ síbẹ̀ tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn. Ó ju bisikíìtì tó fi ṣe òpó kan sẹ́nu, ó fún mi ní ìkejì.

Ti Amẹ́ríkà ni Rilwan máa ń wò lórí fóònù. Mo ní n óò bi í bóyá ó mọ ọ̀rọ̀ àmì kan yìí, ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé, mo ti sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ojú tì mí lónìí, ojú tì mí!

Àwọn ìyá àsàlátù wà nílé mi. Alhaja Sàdíátù, ẹni tó tó ìyá mi, jókòó sórí kúṣìn. Rilwan ti ibi ìdánrawò dé, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni ń dá tákísí dúró, ó ní, "Hi Auntie, hi everybody," ó gba iwájú wọn kọjá, ó lọ ṣí fíríìjì. Alhaja wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Mọ̀nsúrátù, ọmọ ta nìyẹn?" Wọ́n mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ dáadáa. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pè é jókòó, mo tún ní kó dìde, nítorí inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí n mọ èyí tí mo fẹ́. Mo ní oṣù mélòó lo dé ibí tí o ti ń juwọ́ sí àgbà? Mo ní ti Fatimoh, mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwọ, Ìwó ni wọ́n ti tọ́ ọ. Mo ní ibikíbi tí o bá ti rí mi láti òní lọ, ì báà ṣe nínú subway, ì báà ṣe níwájú ọba wọn, jẹ́ kí àyà rẹ kan ilẹ̀ kí o tó yanu.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́."

Ọjọ́bọ̀, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó bá mi pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé bó ṣe ń ti ilé ìtajà bọ̀, páálí ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹyin mẹ́rin fọ́. Ẹyin kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọ́ ṣeré lásìkò yìí, ṣùgbọ́n mi ò bínú. Fatimoh ní, "He's on the floor again." Mo ní kí òun náà wá kúnlẹ̀ kó má bàa dá nìkan wà níbẹ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Birchcliff borí. Rilwan gbé bọ́ọ̀lù láti ìpẹ̀kun kan pápá dé ìkejì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo wà níbi iṣẹ́, mi ò rí i. Ó fi àga àti kúṣìn ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi ní pálọ̀ títí ìrẹsì fi jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ràbíátù pè, ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lórí fóònù, ó ní ta nìyẹn. Mo ní ọmọ rẹ ni.

Jímọ̀, 3 Ọkitóbà

Ọ̀la ni ti Agogo. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Auntie, gbogbo wọn ló ní ẹni tó ń wá wò wọ́n." Mo ní aago mẹ́ta ni mo máa parí shift. Ó ní, "Kò burú, mà." Mo ní mo ní n kò ní wá ni? Inshallah, n óò dé kó tó parí.

Bàbá Pettigrew ní kí n bá òun kí àwọn òpó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Ọkitóbà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, bóyá ọkàn mi á balẹ̀.

Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọkùnrin ẹnu géètì ní kò kù ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó sún mọ́ mi jù ni mo dúró sí, nídìí wáyà tó yí ẹ̀yìnkùlé pápá ká. Ogún sí ogún ni wọ́n wà. Stanmoor fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó. Akoto ni gbogbo wọn dé, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi, àfi ìgbà tí mo rí nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó dá dúró lẹ́yìn pátápátá, níwájú mi gan-an. Bí ibùsùn mi ṣe jìnnà sí kíṣìnì ló jìnnà sí mi.

Wọ́n gbá a. Ó fẹ̀gbẹ́ lọ! Gbogbo ẹ̀gbẹ́ tiwa fò sókè, wọ́n ń pariwo. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Rilwan, ó mú un ṣinṣin. Èmi náà pariwo, ayọ̀ ni, mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi: "Rilwan! Rilwan ọmọ Ràbíátù!"

Ó yíjú. Ó rí mi. Mo rí eyín rẹ̀ láàárín irin tó bo ojú rẹ̀. Ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, bọ́ọ̀lù lábẹ́ àyà, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tún dáhùn! Mo ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Fèrè dún. Ẹ̀gbẹ́ kejì bú sígbe ayọ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ká ọwọ́ lérí. Ìgbà náà ni mo rántí bisikíìtì. Mọ́kànlélógún sí ogún, àkókò sì ti tán. Rilwan ṣì wà nílẹ̀, kò mọ̀kan kan, ó ń retí kí n ní kó dìde.

Àwọn Stanmoor gbé agogo gba iwájú wa kọjá, wọ́n ń lù ú. Ó ní ìró tó dùn, ohun tó dùn mí nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Ọkitóbà

Fídíò rẹ̀ ti kárí ayé. Fatimoh fi hàn mí, ó tún gbà á padà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ Stanmoor tò sórí àtẹ̀gùn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, wọ́n ń dojú bolẹ̀ ní ìlà-ìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí Ràbíátù ní Ìwó. Ó pè mí tayọ̀tayọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé o! Gbogbo àdúgbò ti rí i. Ọmọ mi kò gbàgbé ilé, ó kí àgbà níwájú òyìnbó!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kí àgbà.

Rilwan kò gòkè wá jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ọkitóbà

Kò lọ ìdánrawò lánàá, kò lọ lónìí. Kóòṣì ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Mo bi í pé kí lo sọ fún kóòṣì nígbà tó béèrè ìdí tí o fi dùbúlẹ̀. Ó ní, "Mo sọ pé mo rò pé ó ti parí." Mo ní ìyẹn nìkan? Ó ní, "Ìyẹn nìkan ni, mà."

Kò dárúkọ mi. Ọmọ tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó bo àṣírí mi.

Ó wá ní bí òun bá ti ṣe ìdánwò December tán, òun fẹ́ padà sí Ìwó. Mo da oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò. Ṣìmí ti múra àwàdà sílẹ̀ fún mi níbi iṣẹ́, ó rí ojú mi, ó lọ bá mi po tíì.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọkitóbà

Ọjọ́ mélòó kan ni Bàbá Pettigrew kò fi mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù. Lónìí, bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, wọ́n ní, "Ta ni ọmọ yẹn ń kí?"

Gbogbo ayé ló wo fídíò yẹn, Bàbá nìkan ló béèrè. Mo ní, "Èmi ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀: Alhaja, fíríìjì, ìbínú mi, ẹyin mẹ́rin. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kóòṣì mọ̀?" Mo ní rárá. Wọ́n fa ẹsẹ̀ kejì sẹ́yìn, wọn ò jẹ́ kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ kan ń dúró dè mí.

Arúgbó yìí lórí kunkun bíi tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ọkitóbà

Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn níbí. Mo se tòlótòló, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mo bu ti Rilwan, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement fúnra mi. Bó ṣe rí mi, ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Dìde! Jókòó! Mi ò wá gba ìkíni."

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi fi méjèèjì bá a wí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, mi ò bẹ ọmọdé rí. Mo ní, "Rilwan, má bínú. Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìbáwí mi ló gbé ọ ṣubú."

Ó wò mí, ó ní, "Rárá o, Auntie. Kì í ṣe ìbáwí yín."

Mo ní, "Kí ni nígbà náà?"

Ó ní, "Ẹ wá ni. Mo ti wo gbogbo àga títí ojú fi ń ro mí, mo ti ní ẹ ò wá. Mo wá gbọ́ orúkọ màmá mi. Inú mi dùn ni, mà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti wà nílẹ̀."

Mo sunkún. Mi ò ní í parọ́ sínú ìwé ara mi, mo sunkún kíkankíkan, ọmọ náà ń bẹ̀ mí. A jọ jẹ tòlótòló yẹn. Ó gbẹ bíi pákó.

Ọjọ́rú, 15 Ọkitóbà

Mo lọ bá kóòṣì. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ lọ kó lè mọ̀ pé mi ò wá ṣeré. Ọkùnrin gígùn kan tó ń jẹ ápù. Ó ní ẹni tí kò mọ òfin, ẹ̀bi òun ni, òun á kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ jókòó sílé, kí lòun lè ṣe fún un?

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Nílé wa, ọmọ kì í wà lóòró kí àgbà. Èmi ni mo wà nídìí wáyà. Èmi ni mo pe orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé ibikíbi tó bá ti rí mi, kó dọ̀bálẹ̀. Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe, kò sì fi mí sùn."

Ó dẹ́kun ápù jíjẹ. Ó ní, "Ó lè dá ara rẹ̀ láre ní gbólóhùn kan, kò sì ṣe é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí Rilwan wá ní àárọ̀ ọ̀la, pé òun kò ṣèlérí pé yóò gbá. Mo dúpẹ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó pè mí padà.

"Madam, bí ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbi tí kò ti ní rí yín."

Mo fi jíṣẹ́ fún Rilwan. Mo fi tèmi kún un: "Bí o bá fojú kàn mí níbi bọ́ọ̀lù, èmi kì í ṣe àǹtí rẹ. Má kí mi. O gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ọkitóbà

Ó wọ aṣọ, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Birchcliff borí. Atẹ́gùn tutù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ọkitóbà

Ìdíje tí wọ́n ti ń yọni kúrò ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi ti lọ sílé nìyẹn. A borí. Wọ́n fi Rilwan sí i fún bí ìṣẹ́jú méjì níparí, bọ́ọ̀lù kò tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ sí basement, ó ń súfèé.

Ta ló kàn? Stanmoor. Nílé wọn, ní Markham. Ṣìmí ti kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù yàrá ìsinmi wa pẹ̀lú ìràwọ̀ mẹ́ta.

Jímọ̀, 31 Ọkitóbà

Yìnyín kékeré já bọ́, ó yọ́. Mo ti fi táyà winter sí mọ́tò. Bàbá Pettigrew fẹ́ tẹ̀ lé wa, nọ́ọ̀sì kọ̀, Bàbá bú u. Ṣìmí ní òun máa wà lórí shift lọ́la, òun á di fóònù mú fún wọn kí wọ́n lè máa wò ó. Mo ní ìwọ ọmọ Stanmoor? Ó ní, "Auntie, bàbá ni bàbá."

Rilwan kò sọ̀rọ̀ Ìwó mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Nòfẹ́ńbà

Òtútù Markham kò mọ ọmọ ẹnìkan. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì, súwẹ́tà, jákẹ́ẹ̀tì, mo fi ìborùn wé gbogbo rẹ̀. Fatimoh bá mi lọ, òun ló fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ. A dúró sẹ́yìn ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó gbé àsíá dání, kí Rilwan má bàa rí mi.

Nígbàkígbà tí Rilwan bá ti jáde sí pápá, àwọn ọmọ Stanmoor á dìde, wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á tún dìde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Mo ní kí n lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa, nítorí ìdí wọn ń yọ sókè. Fatimoh dì mí mú láṣọ.

Mọ́kàndínlógún sí mẹ́tàdínlógún, àwọn ló wà níwájú, kò sì kù púpọ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gíga. Ọ̀run ni mo ń wò. Ó já bọ́ sọ́wọ́ Rilwan nítòsí ẹ̀yìnkùlé tiwa. Kóòṣì ń fọwọ́ pè é jáde, bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn. Ó gbéra. Ọ̀kan wá bá a, ó yẹ̀ ẹ́. Méjì wá, wọ́n gbá ara wọn. Ó já sí ẹ̀gbẹ́ tí a wà, ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bí ọjọ́ tó ń lé bọ́ọ̀sì.

Mo gbàgbé ọkùnrin oníàsíá. Mi ò mọ bí mo ṣe dé iwájú, mo kàn rí i pé mo ti di wáyà mú. Rilwan gbójú sókè. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé ó rí mi. Mo pariwo, "Má kí mi! Má kí mi o! Rilwan, mi ò mọ̀ ọ́! Sáré!" Gbogbo òyìnbó tó wà níbẹ̀ yíjú wò mí.

Ó kọjá. Ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ìborùn mi sẹ́yìn. Kò ju orí, kò ju ọwọ́. Ọmọ tí mo ń tọ́ gba iwájú mi kọjá, kò kí mi, mo sì ń fò sókè bí ẹni tí wọ́n bọlá fún. Kò dúró àfi ìgbà tó kan ẹ̀yìnkùlé tiwọn, tí gbogbo Birchcliff sì gorí rẹ̀.

Àmì mẹ́fà ni fún ẹni tó bá gbé e débẹ̀, wọ́n sì gbá ọ̀kan kún un: mẹ́rìnlélógún sí mọ́kàndínlógún. Fatimoh dì mọ́ mi, ó ń pariwo létí mi, "Mummy, ó ṣe é! Ó ṣe é!" Yorùbá ni o. Mi ò sọ nǹkan kan, kó má bàa rántí.

Agogo ṣì wà lọ́dọ̀ Stanmoor, ti Ọkitóbà nìkan ni wọ́n fi ń gba ìyẹn. Ṣìmí tẹ̀ mí láago pé Bàbá Pettigrew ti da tíì sí gbogbo bẹ́ẹ̀dì, pé wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ náà pé àwọn ń retí rẹ̀ pẹ̀lú agogo lọ́dún tó ń bọ̀, pé àwọn kò ní í kú ṣáájú. Mo sọ fún Rilwan nígbà tí wọ́n jẹ́ kó yọjú sí wa. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ sọ fún wọn pé mo máa wà ńbẹ̀." Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wọn ló gbé e padà, a ti ń jẹun nígbà tó wọlé. Ẹrẹ̀ kún gbogbo orúnkún rẹ̀. Ó rí mi, ó ju báàgì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Auntie."

Mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tó dáhùn.